Ohùn Renita Tí Mo Pa Rẹ́ Nínú Àwo Orin Wa

Kí ẹni tó ń ka ìwé yìí tó bẹ̀rẹ̀, ẹ bá mi sọ fún ẹni tó jókòó sídìí dùùrù pé kó gbé ọwọ́ rẹ̀ lé itan. Mi ò fẹ́ kí wọ́n fi orin kankan ti ọ̀rọ̀ mi lẹ́yìn. Mo mọ ilé wa dáadáa. Bí mo bá dìde fúnra mi lónìí, tí mo di gbohùngbohùn mú, tí omijé sì bọ́ lójú mi, dùùrù á ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọra dún lẹ́yìn mi, àwọn ìyá aláṣọ funfun tó wà níwájú á máa wí pé, "Fara balẹ̀, ọmọ, sọ ọ́ tán," ẹnì kan á pàtẹ́wọ́, kí n sì tó dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà, ẹ̀ṣẹ̀ mi á ti di ẹ̀rí, ẹ ó ti máa bá mi jó. Ohun tí mo ṣe kì í ṣe ohun à ń jó sí. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀, tí mo sì bẹ akọ̀wé ìjọ pé kó kà á bó ṣe wà, kó má fi iyọ̀ sí i. Òtítọ́ gbọ́dọ̀ jáde lónìí, torí mi ò dá ara mi lójú pé mo ní ọ̀la púpọ̀ mọ́.

Èmi ni Claudine Mabry. Sístà Mabry ni àwọn ẹgbẹ́ mi ń pè mí, Màmá Claudine ni àwọn ọmọ yín ń pè mí, àwọn tó sì ra àwo orin àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ akọrin wa ṣe lọ́dún 1981 mọ̀ mí sí ohùn tó dá "Má Ti Ilẹ̀kùn Ẹ̀yìn". Ogójì ọdún àwo náà lẹ̀ ń ṣe lónìí. Ẹ ti gbé àwòrán mi kọ́ sára ògiri yàrá ìjẹun nísàlẹ̀, ẹ ti din adìyẹ, ẹ ti ṣe páì ọ̀dùnkún, wọ́n tiẹ̀ ní ẹ fẹ́ fún mi ní òdòdó. Ẹ ṣeun. Dókítà ní ọkàn mi ti rẹ̀, pé kí n lọ tún ilé mi ṣe, mo sì mọ irú ilé tó ń sọ. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi ti rin ogójì, ẹsẹ̀ ti ń wú u.

Ẹni tí kò bá tíì pé àádọ́ta ọdún nínú yín kò lè rántí Renita Gaines. Ọ̀rẹ́ mi ni. Òpópónà kan náà la dàgbà sí níbí ní ìlú Gary, ilé-iṣẹ́ irin kan náà ni bàbá mi àti bàbá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, ọjọ́ kan náà ni wọ́n rì wá bọmi. Mi ò ní purọ́ kékeré sórí ńlá, ohùn èmi náà dùn. Ṣùgbọ́n ohùn tí wọ́n kọ́ ni tèmi. Renita ní tirẹ̀, bó ṣe ń mí ló ṣe ń kọrin. Bí mo bá kọrin tán, àwọn ènìyàn á ní Claudine ṣe dáadáa. Bí Renita bá kọrin, wọn kì í sọ nǹkan kan. Wọ́n á ti rántí ìyá wọn tó ti kú, wọ́n á máa wá aṣọ ìnujú nínú báàgì.

Gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sátidé la máa ń wà ní ilé ìdáná ìyá mi. A ó fi ìyarun irin sórí iná títí á fi gbóná, èmi á na irun tirẹ̀, òun á na tèmi, kí orí wa lè dán fún Sunday. Ẹni tí wọ́n ń na irun rẹ̀ á fi ọwọ́ di etí mú, á tẹrí ba, á sì máa sọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, torí kò rí ojú ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ la ti sọ̀rọ̀ ọkùnrin, ibẹ̀ la ti ṣàfarawé Pásítọ̀, ibẹ̀ la ti rẹ́rìn-ín títí ìyá mi fi ń fi bàtà gbá ilẹ̀ lókè pé kí a jẹ́ kí òun sùn. Nínú gbogbo ohun tó kọjá lọ láyé mi, títí kan ọkọ tí mo sin, òórùn òróró àti irun gbígbóná yẹn ni àárò rẹ̀ ń sọ mí jù.

Lọ́dún yẹn, ọ̀gá akọrin wa, Lamont Pettway, kọ orin kan. Ọ̀sán ló ń yọ́ irin, ìrọ̀lẹ́ ló ń kọ́ wa lórin, kò fi ìwé kankan kọ́ wa, ẹnu ló fi ń bu ohùn ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan fún wa: ti tiríbù, ti áltò, ti tẹ́nọ̀, títí á fi jinná. Ìyá rẹ̀ ló fi orin náà rántí. Nígbà tí bàbá rẹ̀ ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ pẹ̀lú èéfín àti ẹ̀gbin lára, ìyá náà kì í ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, kí ọkọ rẹ̀ lè gba ibẹ̀ wọlé, kó má ba àga rere tó wà ní pálọ̀ jẹ́. "Má ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, Baba, mo ń bọ̀. Ẹsẹ̀ mi dọ̀tí, n ò lè gba iwájú wọlé." Bí orin náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Gbogbo wa mọ̀ pé òun ni yóò gbé àwo náà. Èmi ti ń kọ ọ́ nínú balùwẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tó di ọjọ́ tí Pettway máa pín in, kò tiẹ̀ wo ọ̀dọ̀ mi. Ó na ìka sí Renita, gbogbo ẹgbẹ́ sì mí kanlẹ̀, bí ẹni tí wọ́n fi oúnjẹ rẹ̀ síwájú rẹ̀. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Mo pàtẹ́wọ́ ju gbogbo wọn lọ.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, ìyarun wà lọ́wọ́ mi, Renita ti tẹrí ba, mo ní kó di etí rẹ̀ mú. Ó ní, "Claudine, mo ti lóyún." Díẹ̀ ló kù kí n fi irin jó o lọ́rùn. Ó ní ó ti lé lóṣù méjì, pé ọkùnrin náà ti lọ wá iṣẹ́ ní Houston láti ìgbà tí ilé-iṣẹ́ irin ti dá wọn sílẹ̀, kò sì tíì kọ̀wé. Ó ní òun fúnra òun máa lọ bá Pásítọ̀ tí a bá ti gba orin sílẹ̀ tán, pé ó ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún péré, aṣọ akọrin wa sì fẹ̀ tó láti bo ìbejì. A rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó wí pé, "Jẹ́ kí n kọ orin yìí ná. Tí mo bá ti kọ ọ́ tán, kí wọ́n fi mí sí bẹ́ńṣì ẹ̀yìn títí Jésù á fi dé." Ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ní ṣé èmi náà ló ń bẹ̀ báyẹn.

Àwọn ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ bẹ́ńṣì ẹ̀yìn, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Nígbà ayé Pásítọ̀ Tolliver, ọmọbìnrin tó bá lóyún láìlọ́kọ, wọ́n á mú un dúró níwájú pẹpẹ lẹ́yìn ìdáwó, á tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìjọ, wọ́n á sì ní kó lọ jókòó sí bẹ́ńṣì tó kẹ́yìn pátápátá fún oṣù mẹ́fà. Kò gbọ́dọ̀ kọrin nínú ẹgbẹ́, kò gbọ́dọ̀ tọ́jú ẹnu ọ̀nà, kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan nǹkan kan. Ọkùnrin kì í lóyún, nítorí náà bẹ́ńṣì yẹn kì í sábà mọ ìdí ọkùnrin.

Ní ọ̀sán Tuesday, mo lọ sí ìpàdé àdúrà àwọn obìnrin. Mi kì í sábà lọ. Nígbà tí wọ́n béèrè ẹni tó ní ohun tó fẹ́ kí a gbé síwájú Olúwa, mo dìde. Mo rántí gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo sọ, torí mo ti tò ó sẹ́nu láti ilé. Mo ní, "Ẹ bá mi gbàdúrà fún Sístà Renita. Mi ò lè sọ ohun tó ń ṣe é. Ẹ ṣáà gbàdúrà kí Ọlọ́run má jẹ́ kó dá gbé ẹrù méjì." Mo sunkún. Omijé náà kì í ṣe irọ́ pátápátá, ohun tó tiẹ̀ burú jù níbẹ̀ nìyẹn. Àwọn ìyá tó wà nínú yàrá yẹn, bí a bá ka ọmọ tí wọ́n bí láàárín ara wọn, wọ́n á kún bọ́ọ̀sì. Ta ló fẹ́ túmọ̀ ẹrù méjì fún wọn? Wọ́n kùn, wọ́n mi orí, wọ́n gbàdúrà gidi. Kó tó di alẹ́ Wednesday, ìyàwó Pásítọ̀ ti gbọ́. Ẹ kíyè sí ọgbọ́n mi o, ẹ̀yin ará. Mi ò rojọ́ ẹnikẹ́ni. Mi ò tú àṣírí. Àdúrà ni mo gbà.

Ọjọ́ Sunday tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí a gba orin sílẹ̀ ni wọ́n mú un síwájú. Pásítọ̀ Tolliver ti lọ sinmi, mi ò sì ní bú òkú. Kì í ṣe ènìyàn burúkú, àṣà tó bá nílẹ̀ ló tẹ̀ lé. Renita wọ aṣọ búlúù tí a jọ rà. Irun rẹ̀ ń dán, torí èmi ni mo nà án lánàá ọjọ́ náà. Pásítọ̀ bi í léèrè orúkọ ọkùnrin náà, kò dárúkọ rẹ̀. Ó kọjú sí ìjọ, ó wí pé, "Mo ti ṣẹ̀ sí Ọlọ́run, mo sì ti dójú tì yín. Ẹ má bínú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ọmọ náà gbọ́ nípa ọjọ́ òní." Lẹ́yìn náà ó rìn láti iwájú lọ sẹ́yìn pátápátá, bàtà rẹ̀ ń dún ní gbogbo ọ̀nà. Láti àyè àwọn akọrin, ojú mi ń wo bẹ́ńṣì náà tààrà. Mo gbé ìwé orin bo ojú.

Lọ́jọ́ yẹn náà ló wá sílé wa. Mo rò pé ó ti mọ̀. Ó ní ó ní láti jẹ́ pé ọmọbìnrin tó ń gba orúkọ ní ilé ìwòsàn tí òun ti lọ ṣàyẹ̀wò ló tú u, torí ìyàwó àbúrò ìyá ọmọbìnrin náà ń wá sí ìjọ wa. Ó ní, "Ìwọ nìkan lo mọ̀, ìwọ ò sì lè ṣe é." Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé, aṣeni náà sì ń bu tíì fún un mu. Ó ní òun ti lọ bẹ Pettway pé tí kò bá ti lè jẹ́ òun, kó jẹ́ èmi. Sátidé méjì gbáko ló fi kọ́ mi ní orin náà, ó di ìyarun mú, èmi tẹrí ba. Ó ní, "Má lé orin náà. Jẹ́ kó wá bá ẹ. Ìwọ máa ń kọrin bí ẹni tí wọ́n ń wò. Kọ ọ́ bí ẹni tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ tí ẹsẹ̀ ń ro." Ó fi ọwọ́ kan ẹ̀yìn ọrùn mi níbi tí irun ti máa ń le. Mo ṣì mọ ibi tó fọwọ́ kàn.

Ọ̀sán Sátidé kan nínú oṣù Ogọ́ọ̀sì la gba orin sílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì níbí, ooru mú, gbogbo ìjọ ń fi abẹ̀bẹ̀ páálí tí àwọn ilé-iṣẹ́ ìsìnkú máa ń pín fẹ́ ara. Òyìnbó kan tó ń jẹ́ Weller wá láti Chicago, ó nà wáyà káàkiri, ó gbé gbohùngbohùn kọ́ sókè fún àwọn akọrin, ó gbé méjì sí ẹ̀yìn láti gba ohùn ìjọ, ó sì gbé ọ̀kan síwájú mi. A kọ orin mẹ́fà, gbogbo rẹ̀ lọ dáadáa. Nígbà tó kan "Má Ti Ilẹ̀kùn Ẹ̀yìn", mo kọ ìpín kìíní, mo kọ ìkejì, mo ṣe gbogbo ohun tí Renita kọ́ mi. Orin náà wá dé ibi tí ẹgbẹ́ á ti máa tún "mo ń bọ̀" wí, tí ẹni tó ń dá orin á wá fi tirẹ̀ lé e bí ẹ̀mí bá ṣe darí rẹ̀. Mo wí pé "ẹsẹ̀ mi dọ̀tí" lẹ́ẹ̀kan. Mo wí i lẹ́ẹ̀kejì. Mo wí i lẹ́ẹ̀kẹta, ohun tó wà nínú mi sì tán. Mo la ẹnu, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Torí ẹsẹ̀ mi dọ̀tí lóòótọ́, mo sì mọ̀ ọ́n.

Ibẹ̀ ni Renita ti dáhùn láti bẹ́ńṣì ẹ̀yìn. Wọ́n lè lé ènìyàn kúrò nínú ẹgbẹ́ akọrin, wọn ò lè lé e kúrò nínú ìjọ. Ó jókòó, kò tiẹ̀ dìde, ó wí pé "mo ń bọ̀" bí ẹni tó dé ẹnu ọ̀nà tó ń bọ́ bàtà. Pettway yí ẹ̀yìn padà sí wa, ó kọjú sí i, ó ń darí obìnrin kan ṣoṣo tó wà ní ìparí ṣọ́ọ̀ṣì. Gbogbo ìjọ dìde. Mo rí Pásítọ̀ Tolliver tó bo ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀, èjìká rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Ohùn náà kò bá mi jà, kò bò mí mọ́lẹ̀, ó ń pè mí ni, kí n padà wọlé. Mo sì padà, a jọ kọ ọ́ parí, òun lẹ́yìn, èmi níwájú, bí a ti máa ń kọ ọ́ ní ilé ìdáná. Mi ò kọrin báyẹn rí, mi ò sì tún kọrin báyẹn mọ́. Ká ní mo kú lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ènìyàn rere ni ẹ ò bá sin.

Ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n ní kí ẹnì kan láti inú ẹgbẹ́ wá sí Chicago wá jókòó ti Weller bó ṣe ń tún orin tò. Pettway kò rí ààyè kúrò níbi iṣẹ́, èmi sì ni ààrẹ ẹgbẹ́, mo bá lọ. Weller gbé orin náà sí i. Òyìnbó tí kì í sábà sọ̀rọ̀ ni. Nígbà tó dé ibi tí Renita ti dáhùn, ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, kò sì tètè fi í padà. Ó bi mí pé ta lobìnrin yẹn, ó ní òun ni àwo náà, pé gbogbo ìyókù ń sìn ín wọlé ni. Òótọ́ ló sọ, mo sì ti gbọ́ ọ kó tó sọ ọ́. Mo gbọ́ pé tí ayé bá gbọ́ àwo yìí, ẹnikẹ́ni kò ní béèrè orúkọ mi. Mo wí fún un pé, "Pásítọ̀ ní kí ẹ yọ ohùn ẹ̀. Ó wà lábẹ́ ìbáwí." Ó bi mí bóyá òun lè fi tẹlifóònù bá Pásítọ̀ sọ̀rọ̀. Mo ní Pásítọ̀ wà ní ìsọjí ní Mississippi. Pásítọ̀ wà nílé, ó ń gé koríko iwájú ilé rẹ̀.

Weller dá téèpù padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní tí òun bá ti gba ohùn tuntun lé orí ibẹ̀, ti àtijọ́ ti lọ nìyẹn, kò sí ibi tí a ti máa rí i mọ́. Ó ní ṣé ó dá mi lójú. Mo ní ó dá mi lójú. Mo wọ inú yàrá kékeré náà, mo fi ìbòtí tí a fi ń gbọ́ orin sétí, mo sì kọrin lé ọ̀rẹ́ mi lórí. Gbogbo ibi tó ti dáhùn, mo dá ara mi lóhùn. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo kọ ọ́ kó tó tẹ́ mi lọ́rùn. Nígbà tí mo jáde, Weller ní ibì kan ṣẹ́ kù tí òun kò lè yọ. Ó ní níbi tí mo ti dákẹ́ yẹn, ohùn obìnrin náà ti wọ inú gbohùngbohùn tèmi gan-an láti òkèèrè, pé tí òun bá gé e, orin á já. Mo bi í bóyá ènìyàn lè gbọ́ ọ. Ó ní ẹni tó bá mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ nìkan ló lè gbọ́ ọ.

Mo padà wálé, mo sọ fún Pettway pé wáyà tó lọ sí ẹ̀yìn ti já lọ́jọ́ náà, pé kò gba nǹkan kan. Ó jókòó sídìí dùùrù, kò tẹ̀ ẹ́. Èmi náà ni mo lọ sọ fún Renita. Ó ń ká aṣọ ọmọ tuntun lórí bẹ́ẹ̀dì, ó wò mí fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Ó dáa. Ọlọ́run kì í lo wáyà." Mi ò mọ̀ títí di òní bóyá ó mọ̀. Mo ti wo ojú yẹn nínú ọkàn mi fún ogójì ọdún, mi ò mọ̀.

Ẹ mọ ìyókù. Rédíò gbé orin náà, a kọ ọ́ káàkiri, wọ́n ń dá mi mọ̀ níbi tí mo ti ń ra ẹ̀fọ́. Jonelle, ọmọ Renita, dé nínú oṣù January. Nígbà tó di February, oṣù mẹ́fà ti pé, Pásítọ̀ pè é láti iwájú pé kó wá gba aṣọ akọrin rẹ̀ padà. Ó gbé ọmọ dání, ó mi orí, ó jókòó síbi tó wà. Sunday tó tẹ̀ lé e, kò sí ẹnì kankan ní bẹ́ńṣì ẹ̀yìn. Ó ti lọ bá àbúrò bàbá rẹ̀ ní ìlú Macon. Gbogbo ọdún Kérésìmesì ló ń fi káàdì ránṣẹ́ sí mi. Lọ́dún kan ó kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé, "Mo ń gbọ́ ẹ lórí rédíò. O ti jẹ́ kí orin náà wá bá ẹ." Mo fi í sínú Bíbélì, mi ò fèsì rẹ̀. Nígbà tó kú lọ́dún 1996, wọ́n pè mí, mi ò lọ sìnkú rẹ̀, torí wọ́n ti pè wá sí ibì kan láti wá kọ orin yẹn.

Kò sí ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan tí mi ò wá a. Mo ti gé irun mi kúrú, kò sí ohun tí mo fẹ́ nà mọ́, síbẹ̀ mo máa ń gbé ìyarun sórí iná, mà á bu òróró díẹ̀ sí i, kí ilé ìdáná lè rùn bó ṣe máa ń rùn. Mà á wá gbé àwo náà sí i. Mà á gbọ́ ọ títí dé ibì kan, mà á gbé abẹ́rẹ́ kúrò, mà á tún dá a padà. Ibì kan náà. Ọkọ mi rò pé ohùn ara mi ni mò ń gbádùn. Ó máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé Claudine fẹ́ràn Claudine.

Ẹ̀ṣẹ̀ tó burú jù kò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ. Jonelle wá láti Macon, ó di àwo náà mọ́ àyà, ó jókòó sí ilé ìdáná mi, sórí àga ìyá mi tí ìyá rẹ̀ máa ń jókòó sí. Ó jọ ọ́ débi pé Renita ni mo kọ́kọ́ pè é. Ó ní, "Màmá Claudine, wọ́n ní màmá mi mọ orin kọ. Nílé, kò kọ ọ́ rí. Tó bá ń fọ abọ́ ó máa ń kùn ún, tí mo bá wọlé, á dákẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ohùn màmá mi wà níbì kankan nínú àwo yìí?" Ẹni ọdún mọ́kàndínlógójì, ó ń wo ẹnu mi bí ọmọdé. Ọkàn mi ti ń dùn mí nígbà yẹn, dókítà ti sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún mi, kò sí ohun tí mò ń pa mọ́ de ẹnikẹ́ni mọ́. Mo sì wí pé, "Rárá, ọmọ mi. Wáyà ló já." Ó dúpẹ́. Mo gé páì fún un, ó jẹ ẹ́, ó fẹnu kò mí lẹ́rẹ̀kẹ́, ó lọ. Mo ti jí orin ìyá lẹ́ẹ̀kan, mo wá jí ìyá lọ́wọ́ ọmọ.

Ẹ̀yin ọmọ kéékèèké inú ẹgbẹ́ akọrin, ọ̀rọ̀ kan ni mo ní fún yín. Bí ẹ bá fẹ́ sọ pé ẹ bá mi gbàdúrà fún Lágbájá, ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ara yín ohun tí ẹ máa jèrè tí gbogbo ayé bá gbọ́ ọ. Bí èrè kankan bá wà níbẹ̀, ẹ lọ gba àdúrà náà nínú yàrá yín.

Ẹ̀yin ìjọ, ẹ má tíì dárí jì mí. Ẹ kì í pẹ́ dárí jini níbí tí orin bá ti dùn. Bí ẹ bá wẹ̀yìn, ẹ ó rí mi, bẹ́ńṣì ẹ̀yìn ni mo wà láti àárọ̀, mo sì fẹ́ lo oṣù mẹ́fà mi pé, bí mo bá ní oṣù mẹ́fà. Jonelle ló wà níwájú, mo ní kí wọ́n fi í síbi tí ẹ fẹ́ fi mí sí. Jonelle, màmá rẹ bẹ ìjọ yìí pé kí o má gbọ́ nípa ọjọ́ yẹn, mo sì ti jẹ́ kí o gbọ́. Dárí èyí nìkan jì mí lónìí. Ìyókù lè dúró.

Akọ̀wé, ẹ gbé àwo náà sí i wàyí. Ojú kejì, orin kìíní. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe àmín, kí ẹnikẹ́ni má pàtẹ́wọ́, ẹ dá abẹ̀bẹ̀ dúró. Jonelle, mà á wí pé "ẹsẹ̀ mi dọ̀tí" lẹ́ẹ̀kan, mà á wí i lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kẹta, wà á gbọ́ tí mo dákẹ́. Má gbọ́ mi níbẹ̀. Gbọ́ ẹ̀yìn mi. Ó jìnnà, ó kéré, kò pẹ́ ju kí ènìyàn mí lẹ́ẹ̀kan lọ, ẹnì kan wà níbẹ̀ tó ń wí pé òun ń bọ̀. Màmá rẹ nìyẹn.